Ta Ni Ó Ń Ṣe Ìdánwò: Ọmọ Ni Tàbí Òbí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni a fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ màgòmágó ìdánwò wò lónìí, nítorí pé bí àṣírí bá tú, ọmọ nìkan ni a sábà máa ń nàka sí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan ènìyàn 50 lórí jìbìtì ìwọlé sí yunifásítì. Òbí ni 33 nínú wọn. Ọ̀kan ni Felicity Huffman, òṣèré sinimá, tí ó san 15,000 dọ́là kí a lè bá a tún ìdáhùn ọmọ rẹ̀ ṣe nínú ìdánwò SAT. Ọmọ náà kò mọ̀. Ilé ẹjọ́ rán ìyá lọ sí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ju ẹ̀wọ̀n lọ. Obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú adájọ́ pé ọmọ òun fi omijé bi òun léèrè ìdí tí òun kò fi gbà pé ó lè dá a ṣe.

Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ olówó. Bàbá tí ó bá ọmọ kọ àròkọ rẹ̀ mọ́jú, tàbí ìyá tí ó sanwó fún ẹlòmíràn láti kọ ọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún ọmọ: pé agbára rẹ̀ kò tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tà fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

A mọ ohun tí ń bà wá lẹ́rù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí ìjọba ń náwó lé lórí kò ju nǹkan bí 163 lọ, ọmọ ọdún 10 tàbí 11 ni ó sì ń jìjàdù àyè ibẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ òru nínú òtútù kò fẹ́ kí ọmọ wa gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ń gbọ́ nílé? “Ẹni tí ó ṣe ipò kìíní, ṣé orí méjì ni ó ní?” Ọmọ tí ó bá ti gbà pé máàkì nìkan ni a fi ń rí ojú rere òbí yóò wá máàkì lọ́nàkọnà.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí kò yé e. Ẹ lọ rí olùkọ́ rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Ẹni tí ń kọ́ ọ ní lẹ́sìnnì lè ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ni kí kálàmù wà. Bí ó bá fi òótọ́ inú gba máàkì kékeré, ẹ yìn ín fún òótọ́ náà, kí ẹ tó fi ibi tí àtúnṣe wà hàn án. Ọmọ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba 50 mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. Èyí tí a fi àrékérekè fún ní 80 kò mọ̀, àwa òbí rẹ̀ pàápàá kò sì mọ̀.

Ó dìgbà kan ná o.