BÀÁLÙ TÓ FẸ́ KÁ ẸSẸ̀

Ọ̀rọ̀ bàálù ló wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin jórinjórin kan l'Ódòde Ìdànrè ló dá a sílẹ̀. Àwòrán bàálù ẹlẹ́ni méjì tó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ kàn ló fi hàn mí. Ó ní tó bá ti gbéra nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ká wọnú apá, kí ilẹ̀kùn sì pa dé e. Ló bá nawọ́ sí lékeléke tó ń fò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ tó ń fì dirodiro níbẹ̀ yẹn?"

Òótọ́ ló sọ. Bí eré bàálù bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń fà á sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn táwọn bàálù ńláńlá fi ń ká ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni o! Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì tàbí mọ́tò oníná ló máa fà á sókè. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí kí táyà tó wọlé. Bí ètò yẹn bá yí padà, táyà á gbá ilẹ̀kùn, ó sì lè há síbẹ̀. Ìkọ́ gbọ́dọ̀ dì í mú lókè, òmíràn gbọ́dọ̀ tì í pa nísàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ká mọ́ èèyàn nídìí. Tí iná bá kú lókè ńkọ́? Ọ̀nà mìíràn gbọ́dọ̀ wà láti sọ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ń fi kún ẹrù bàálù. Tí awakọ̀ bá tún wá gbàgbé, ikùn ni wọ́n á fi balẹ̀.

Nígbà ìjọba Babangida, iléeṣẹ́ AIEP ní Kàdúná ṣe Air Beetle fáwọn ọmọ ogun òfurufú wa. Lára RV-6A, bàálù àdákàn láti Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti mú un. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í ká. Richard VanGrunsven tó dá RV sílẹ̀ kò ta oríṣi kankan tó ń ká ẹsẹ̀. Ìbòrí tó dán, tó tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí, ni wọ́n fi ń bo táyà kí atẹ́gùn lè yọ̀ kọjá. Síbẹ̀, ó ju 10,000 RV lọ táwọn èèyàn ti kàn, tó sì ti fò. Ṣé wọn ò gbọ́n ni?

Àbúrò mi, ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Gba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, kọ́kọ́ kan ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ. Bó bá wá di dandan kó ká ẹsẹ̀, gbé e sórí jáàkì, ká a sókè, sọ ọ́ kalẹ̀, títí tó fi máa sú ẹ, kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú ẹ̀.

Lékeléke tó fi hàn mí yẹn, nígbà tó fẹ́ bà, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ nà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an létí.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.