Kọ̀ǹpútà Wo Ni Kí A Fi Owó Ẹgbẹ́ Rà?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ìpàdé tó kọjá le kú bí ìjà Ọ̀rẹ̀ ọdún 1967. Gbogbo wa gbà pé ó tó àkókò kí àkọsílẹ̀ ẹ̀ka wa kúrò nínú ìwé ńlá tí ikán ń jẹ. Ohun tó dá ariyanjiyan sílẹ̀ ni bóyá kọ̀ǹpútà kékeré tó ṣeé há sí abíyá ni kí á rà, tàbí ńlá tí akọ̀wé yóò gbé ka orí tábìlì. Owó tó wà lọ́wọ́ akápò kò lè ra méjèèjì.

Kékeré ni àwa fara mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kì í dé ọ́fíìsì: awakọ̀ wà ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀ tàbí lójú ọ̀nà Benin, alágẹdú wà ní sọ́ọ̀mìlì, àwọn mìíràn wà ní Odìgbó. Bí ayùn bá gé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lónìí, òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-máà-bínú fún un ní ọjọ́ 14 péré láti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti jíṣẹ́ fún àjọ tó ń san owó náà. Ọjọ́ 14 kò pọ̀ fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Kọ̀ǹpútà tí a lè gbé lọ bá a níbẹ̀, kí á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí á sì kà á sí i létí, ni yóò wúlò fún un.

Àwọn àgbà tó fẹ́ ńlá kò sọ ìsọkúsọ o. Nígbà tí ASUS gbé Eee PC jáde ní 2007, ojú rẹ̀ kò ju ínǹṣì 7 lọ, àyè ìpamọ́ inú rẹ̀ sì jẹ́ gígábáìtì 4. Nígbà tó fi di 2013, wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe é dúró. Ẹni tó bá fi tòkunbọ̀ irú rẹ̀ lọ̀ wá, kó máa gbé e lọ. Olójú ínǹṣì 11 sí 13 ti ìsinsìnyí ni à ń sọ. Kí ẹni tí a bá rán lọ rà á yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa, nítorí nínú ọ̀pọ̀ wọn, a ti jó àyè ìpamọ́ mọ́ ọn, kò sí rìpíárà tó lè fi kún un lẹ́yìn ọ̀la.

Ní ti ojú tó ń dun akọ̀wé, wáyà kan la ó fi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí a fi ń wo bọ́ọ̀lù ní ọ́fíìsì, gbogbo ìpàdé yóò sì máa rí ẹni tó san owó ẹgbẹ́ àti ẹni tí kò san. (Bóyá ìyẹn gan-an ló ń ba àwọn kan lẹ́rù.) Kékeré kì í sì í fa iná púpọ̀. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Omotosho kò jìnnà sí wa, síbẹ̀ ẹ mọ iye epo tí jẹnẹrétọ̀ wa ń mu.

Ohun tó ṣeé gbé kiri, olè náà lè gbé e. Nítorí náà, kí akápò máa da gbogbo àkọsílẹ̀ sínú fláàṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀ sílé. A ó dìbò ní ìpàdé oṣù yìí. Kí awakọ̀ tó bá máa wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà fi ìbò rẹ̀ rán aṣojú gáréèjì rẹ̀.