Egbò Kékeré Lára Ẹja Àrọ̀: Ẹ Má Tíì Sáré Ra Tẹ́tírá

A ò ní fi epo bọ iyọ̀ lónìí. Bí ẹja kan bá ti ní egbò bíńtín, ọ̀pọ̀ á ti máa tú kápúsù tẹ́tírá dà sínú pọ́ńdù. Lójú tiwa, ìyẹn ò dáa.

Àrọ̀ ò ní ìpẹ́. Awọ rẹ̀ àti ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ ni aṣọ tó wọ̀. Ibi tí àwọ̀n, ẹnu sìmẹ́ńtì tàbí eyín ẹja míì bá ti bó o, ibẹ̀ ni àìsàn ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n bí omi bá mọ́, egbò kékeré á jinná fúnra rẹ̀. Omi ìdọ̀tí ni kì í jẹ́ kó jinná, tẹ́tírá ò sì lè fọ omi.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe rèé. Ẹ fi omi rẹ ọwọ́ yín kí ẹ tó mú ẹja, kí ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹ pààrọ̀ lára omi pọ́ńdù, ẹ dín oúnjẹ kù. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 100 mọ́ omi lítà 10 títí á fi yọ́ tán, kí ẹ fi ẹja náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹ má kúrò níbẹ̀ o! Bó bá ti ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kíá, ẹ dá a padà sínú omi tó mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé dókítà ẹranko jìnnà, tẹ́tírá sì wà nítòsí. Òótọ́ ni, àmọ́ iyọ̀ tún sún mọ́ni jù ú lọ. Oògùn tí a kàn ń dà somi lè ṣẹ́kù sínú ẹja tí oníbàárà máa jẹ. Kòkòrò àìsàn á sì mọ̀ ọ́n lára, débi pé lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú lójú egbò, tó ń pọ́n tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí ẹja ò jẹun mọ́, ìyẹn ti kúrò ní kékeré. Ẹ pe dókítà ẹranko. Òun ni kó sọ oògùn tó yẹ, àti iye ọjọ́ tí ẹ máa dúró kí ẹ tó tà.

Bí egbò bá sì ń jáde lemọ́lemọ́, ẹ yẹ ìwọ̀n ẹja yín wò, kí ẹ ṣa àwọn ńlá kúrò láàárín àwọn kékeré. Bí ṣútà bá ṣì wà níbẹ̀, kò sí oògùn tó lè yọ eyín lẹ́nu ẹ̀.