Ọmọ Ta Ni Ọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ìwà àwọn ọlọ́pàá wa àti rògbòdìyàn oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Ní Ìjẹ̀dẹ́ tí mo ti wá, bí ọmọdé bá ṣe ohun tí kò tọ́ ní etí ọ̀sà, ìbéèrè tí àgbà kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ìbéèrè náà ń rán àgbà létí pé ọmọ yìí ní ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Ó sì ń rán ọmọ létí pé ó ní orúkọ ilé tí kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ti dá èmi náà dúró lójú ọ̀nà rí. Irun orí mi ni wọ́n wò, fóònù mi ni wọ́n gbà. Kò sí ẹni tí ó bi mí ní ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Lẹ́yìn tí Òyìnbó gba Èkó ní 1861, Glover kó àwọn ọmọ Haúsá jọ, ó sì kó ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1890, Denton, adelé gómìnà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àǹfààní ńlá ni pé wọn kò bá àwọn ará agbègbè Èkó tan. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Haúsá kọ́, ọgbọ́n amúnisìn ni. Ẹni tí kò mọ bàbá rẹ ni yóò lù ọ́ láìwẹ̀yìn wò. Amúnisìn lọ ní 1960, ọgbọ́n rẹ̀ kò bá a lọ.

Nígbà tí ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn pa ní Amẹ́ríkà ní 2020, a ní àwọ̀ ni ó fà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nílé wa, adúláwọ̀ ni ó ń lu adúláwọ̀. Ọ̀wọ́ SARS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti gbógun ti olè ni ó di ẹ̀rù fún ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ fọ́n sí ìgboro, ìjọba sì tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 2020. Ní ọjọ́ 20, àwọn ṣọ́jà yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ péjọ sí ní ibodè Lẹ́kkí, níbi tí wọ́n ti máa ń gbowó lọ́wọ́ onímọ́tò nígbà náà.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn kan kó ààfin Ọba Èkó, wọ́n sì dáná sun bọ́ọ̀sì ní Òyìngbò. Níbí ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi kan kì í ti í gbọ́ra yé. Ẹni tí ó sun bọ́ọ̀sì kò béèrè ọmọ ẹni tí yóò fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Ohun tí ọlọ́pàá ṣe sí wa ni òun náà ṣe sí ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò ní ọlọ́pàá tí ó mọ ará ìlú yóò máa gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí òfin fi gbọ́dọ̀ mú òun náà. Kí ọlọ́pàá tí wọ́n bá gbé wá sí Ìjẹ̀dẹ́ gbọ́ èdè wa. Kí àgbà àti ọ̀dọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Kí ẹbí ẹni tí ó bá mú gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí èyí tí ó bá pààyàn láìṣẹ̀ sì dúró níwájú adájọ́ ní gbangba.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, lára wa ni agbẹjọ́rò, adájọ́ àti ọ̀gá ọlọ́pàá ọ̀la yóò ti jáde. Kí a tó gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ọmọ ẹni tí ó jẹ́.