Tẹlifíṣọ̀n Ìlú Jos Àti Àwa

Láti bí oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nínú ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Jos yìí, pé kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ tí ó wà nílùú, kí wọ́n fún wa ní ààbọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀ fún ètò ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Àwa olóòtú ìwé yìí kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n kí a tó fi kálàmù lé pépà, a fẹ́ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè: nígbà wo ni mo wo iléeṣẹ́ náà kẹ́yìn? Kí ni mo sì mọ̀ nípa rẹ̀?

Ẹni tí yóò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ onílé, ó yẹ kí ó mọ ìtàn ilé. Àwa kì í sì í ṣe àlejò àná ní ìlú yìí. Ojú irin dé orí òkè yìí ní 1914 nítorí tánńganran tí àwọn òyìnbó ń wà, àwọn baba wa sì bá ojú irin wá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n tẹ́ àtẹ, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ.

Gbogbo wa ni a mọ ti Ìbàdàn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ènìyàn wa sì ń fi yangàn títí di òní pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. (Kí a sọ òótọ́, àwọn ará Mòrókò ti ní tiwọn ní 1954, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti tó fi yangàn.) Ẹnúgù tẹ̀ lé e ní 1960. Kàdúná bẹ̀rẹ̀ ní 1962, nígbà tí Ìjọba Àríwá bá àwọn Granada láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dòwò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì tẹlifíṣọ̀n kò dà bí ti rédíò. Ti rédíò a máa rìn lóru dé ìlú jíjìn. Ti tẹlifíṣọ̀n a máa lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, bí òkè bá sì dúró níwájú rẹ̀, ó parí níbẹ̀. Ìlú olókè bíi Jos, tí ó bá fẹ́ rí àwòrán tí ó mọ́, àfi kí ó ní òpó tirẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni ìjọba ológun pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, tí Benue-Plateau di ọ̀kan nínú wọn, tí Jos sì di olú-ìlú rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ni Joseph Gomwalk tí ó jẹ́ gómìnà rẹ̀, ìṣe rẹ̀ sì fi hàn pé ó gbà pé ìpínlẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹnu tirẹ̀. Ìwé ìròyìn Nigeria Standard ni ó ṣáájú, ní 1972. Ní 1974 ni tẹlifíṣọ̀n tí a ń pè ní BPTV tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ìyanu wà: aláwọ̀ mèremère ni. Ìbàdàn tí ó jẹ́ àgbà gbogbo wọn, Èkó tí ó lówó jù, dúdú àti funfun ni wọ́n ṣì ń gbé jáde. Àwọn kan nílùú yìí a máa sọ pé òun ni aláwọ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Rárá o, Zanzibar ti ṣe é ṣáájú. Ó jọ pé àrùn àkọ́kọ́-ní-Áfíríkà kò mọ sí ọ̀dọ̀ Yorùbá nìkan.

Bí aláwọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kámẹ́rà a pín àwòrán sí ọ̀nà mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, iléeṣẹ́ a sì fi wọ́n ránṣẹ́ pọ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́ yóò rí àwòrán kan náà ní dúdú àti funfun. Ẹni tí ó ra tuntun yóò rí i bí ojú ti ń rí ayé. Ẹ̀rọ aláwọ̀ wọ́n púpọ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ní in, ojú fèrèsé rẹ̀ ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń sùn sí, Bẹ̀rọ́ọ̀mù, Haúsá, Íbò, Yorùbá, ìyàwó onílé a sì máa lé wọn, wọn a sì tún padà wá. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ojú fèrèsé nígbà náà ni wọ́n jẹ́ àgbà ìpàdé wa lónìí.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Ní oṣù kejì 1976, a pín Benue àti Plateau níyà. Nígbà tí ó di 1977, Òfin 24 ti ìjọba ológun kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n àwọn ìpínlẹ̀ sábẹ́ NTA, BPTV sì di ẹ̀ka. Àwa kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó burú. Jos ni NTA kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí ní 1980, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ láti gbogbo Nàìjíríà ti kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà. Àyíká Jos yìí náà ni Peter Igho ti ṣe eré Cockcrow at Dawn, tí báńkì UBA gbé owó rẹ̀, eré àgbẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè jókòó tì. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ti ń dá oúnjẹ ara rẹ̀ sè wá di ilé tí ń retí àwo láti ìta. Olórí ọ̀rọ̀ di ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ láti Èkó, lẹ́yìn náà láti Àbújá, ìròyìn ìlú sì di àfikún.

Bóyá ìyẹn ni ó lé wa sá. Láti 2010 tí Africa Magic Yoruba ti dé sórí sátẹ́láìtì ni ọ̀pọ̀ ilé wa kò ti yí ojú ẹ̀rọ padà mọ́. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ tí a bí sí Jos, tí ó gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ, ó dára kí ó gbọ́ èdè baba rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mushin, a kò sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gada Biyu. Nígbà tí a tún fi Jos ṣe ìlú àkọ́kọ́ fún tẹlifíṣọ̀n díjítà ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2016, tí a ní kí ará ìlú wá mú àpótí kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀rọ, mélòó nínú wa ni ó lọ?

Ẹ rántí 2010. Ní oṣù kìíní àti oṣù kẹta ọdún náà, tí ìjà gba ìlú àti ìgbèríko, àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní orúkọ ń rìn láti fóònù dé fóònù, pé wọ́n ń bọ̀, pé kí a má ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn báyìí, pé kí a múra. Kí a wí i bí ó ti rí: àwa náà gbà á, àwa náà sì fi ránṣẹ́. A kò bi ẹnikẹ́ni bóyá òótọ́ ni. Àwọn kan yóò ní ẹnu ìjọba ni tẹlifíṣọ̀n, àwọn kò lè gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, a sì ti sọ ìdí rẹ̀ lókè. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tí ará ìlú kò wò, tí kò sì bá wí, ojú ta ni yóò tì í?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí a kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n kí a má tọrọ orin àti ijó nìkan. Kí a mú ètò tí aládùúgbò wa lè wò, tí a ó sọ ní Yorùbá, tí a ó sì tú sí Haúsá. Kí ẹgbẹ́ yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa wo ìròyìn ìlú, tí wọn yóò sì wá jíṣẹ́ ní ìpàdé. Ẹni tí ó bá sì ní fọ́tò àtijọ́, níbi tí a ti kó ara jọ yí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ká, kí ó mú un tọ akọ̀wé wá kí ikán tó jẹ ẹ́.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé fún ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n akọ̀wé yóò kọ́kọ́ bi í pé aago mélòó ni wọ́n ń ka ìròyìn ìlú.