ÀRÒ MẸ́TA ẸNU Ọ̀NÀ ÈKÓ

Ọmọ Kòmu tí ó bá gba Ìṣẹ́yìn dé Ìbàdàn, tí ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ tí a ṣí ní 1978, mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Láti 1991, kì í ṣe ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ àlejò fi ń mọ̀ pé àwọn ti dé Èkó, bí kò ṣe ọkùnrin mẹ́ta tí ó wọ aṣọ funfun, tí wọ́n dé fìlà funfun, tí wọ́n sì di ẹ̀ṣẹ́. Ère ni wọ́n. Bodun Shodeinde ni ó ṣe wọ́n, kí wọ́n lè máa kí àlejò káàbọ̀. Àwọn aráàlú sọ wọ́n ní Àrò Mẹ́ta, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tí ó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ìdáná kò lè gbọ́ ọ kí ó má rántí ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù.

Olóyè onífìlà funfun ni wọ́n dúró fún, àwọn tí ẹ̀ka wọn jẹ́ mẹ́rin ní Èkó: Ìdẹ́jọ, Akárìgbèrè, Ògáládé àti Àbàgbọ́n. Ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n dì kì í ṣe ti ìjà. Bí olóyè ṣe ń kí ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi awakọ̀ léèrè. Yóò ní ìkìlọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ará oko: ‘Má ṣe gọ̀ o! Èkó kò gba gbẹ̀rẹ́.’ Àwọn oníbodè ayé àtijọ́ náà kò ṣe ju èyí lọ, àfi pé àwọn a máa gba owó bodè.

Àgbàlagbà kan lè wí pé àbùkù ni irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ipò oyè. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá kà sí tirẹ̀ ni ó ń bá ṣeré. Ní 2017, nígbà tí a ṣí ère Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹjà, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni aráàlú gbé wò tí wọ́n sì fi jiyàn. Ní ọdún náà kan náà, a gbé ère Fẹlá tí Abolore Sobayo ṣe sí Allen Avenue: aṣọ lásán tí ó dúró, tí kò ní orí! Àwa Yorùbá tí a mọ iyì orí, báwo ni a ó ṣe dákẹ́? Ère tí ẹnikẹ́ni kò bá wí nǹkan sí, ẹ lọ wò ó dáadáa: ewúrẹ́ nìkan ni ó ń sinmi lábẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ kì í pa ìtàn mọ́. Ní Ẹ̀síẹ́, ère òkúta tí ó ju 800 lọ ni ó wà níbẹ̀, tí a sì tìtorí wọn ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1945. Kò sí ẹni tí ó lè dárúkọ ẹyọ kan nínú àwọn tí ó gbẹ́ wọn. Bí òkúta ti lágbára tó, kò lè sọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Nítorí náà ni a ṣe ń bá ẹ̀yin olóyè àti alákọ̀wé Òkè-Ògùn sọ̀rọ̀, àti Kòmu ní pàtàkì. Oríta kì í ṣe ibi àjèjì fún irú nǹkan báyìí. Yangí Èṣù ti wà níbẹ̀ kí ọ̀dà tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ère sí oríta yín, ẹ má ṣe bẹ oníṣẹ́ ọnà kí ó ṣe Àrò Mẹ́ta kejì fún yín. Ìṣẹ́yìn ní aláṣọ òkè. Ẹ̀yin ní àgbẹ̀ àti ọdẹ. Kí a gbé àwòrán rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ìlú kí a tó san owó, kí àwọn ìyá ọlọ́jà náà sì sọ tẹnu wọn, nítorí àwọn ni yóò máa jókòó tì í. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ọdún rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ sí ara rẹ̀ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí a má sì kọ ọ́ sí òkè téńté, bí kò ṣe ibi tí ọmọdé tí ó ru igbá lè dúró kà á.