Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ Wọn Omi Yín Kí Ẹ Tó Ra Pọ́ǹpù

Adágún kékeré nínú ọgbà ilé dùn ún wò. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, omi ń ṣàn lórí òkúta, ara ń tu onílé lẹ́yìn làálàá ọjọ́. Ṣùgbọ́n ní Douala, níbi tí ooru ti ń mú láti oṣù dé oṣù, adágún tí omi rẹ̀ dúró sójú kan kì í pẹ́ ṣú bí ọbẹ̀ ewédú. Òórùn á gba àgbàlá, ẹja á máa kú, tanwíjí á máa jó nínú omi. Tanwíjí ló ń di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ló sì ń gbé ibà wọlé.

Ohun tó sábà ń fà á ni pé ojú lásán la fi ń wọn omi. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn gígùn, ìbú àti jíjìn adágún ní mítà. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, kí ẹ tún fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀: iye lítà omi yín nìyẹn. Èyí tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 80, lítà 4,800 ló ń gbà. Bí ẹja kò bá pọ̀, kí pọ́ǹpù lè yí gbogbo rẹ̀ po ní wákàtí méjì, ìyẹn lítà 2,400 ní wákàtí kan. Bí ẹja bá pọ̀, kó yí i po ní wákàtí kan péré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rà rèé. "Q max" tó wà lára páálí ni omi tí pọ́ǹpù lè tú nígbà tí kò gbé e gòkè rárá. "H max" ni gíga tí ẹ̀kán omi kan kò ti ní jáde mọ́. Bí H max bá jẹ́ mítà 3, tí omi yín sì ní láti gun òkè mítà kan ààbọ̀, ẹ má retí ju nǹkan bí ìdajì Q max lọ. Páìpù tóóró tún ń dín in kù. Ẹ dán an wò: ẹ gbé garawa lítà 20 sí ẹnu páìpù, ẹ wo aago. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 15, lítà 4,800 ló ń tú ní wákàtí.

Asẹ́ tí pọ́ǹpù ń ti omi gbà kọjá kò wà fún ìdọ̀tí nìkan. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, májèlé sì ni fún ẹja. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú fóòmù asẹ́, ló ń sọ ọ́ di ohun tí ewéko omi lè jẹ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbilẹ̀, nítorí náà ẹ má kó ẹja rẹpẹtẹ sínú omi tuntun. Ẹ má sì fi omi ẹ̀rọ fọ fóòmù náà, kiloríìnì inú rẹ̀ ń pa wọ́n. Omi adágún ni kí ẹ fi ṣàn án. Bí oòrùn bá ń ta sí omi yín, ẹ ra asẹ́ tí agbára rẹ̀ ju omi náà lọ.

Àwọn kan ń pa pọ́ǹpù lóru nítorí owó iná. Ìyẹn ni fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi gbígbóná kì í gba atẹ́gùn púpọ̀ dúró, ewéko pàápàá sì ń bá ẹja pín in lóru. Pọ́ǹpù wáàtì 40 tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kò jẹ ju nǹkan bí yúnítì 29 lóṣù. Ẹ tọ́jú ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi de ọjọ́ tí iná bá lọ. Kí oníṣẹ́ iná sì so ẹ̀rọ tó ń já iná bí iná tó ń jò bá tó mílíáḿpíà 30 mọ́ pọ́ǹpù náà, torí iná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Òjò Douala ju mílímítà 3,500 lọ lọ́dún. Lórí adágún tí a wí yìí, ó ju lítà 21,000 lọ. Ẹ gbé etí adágún ga, ẹ fi páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ sí i, kí ẹja má bàa bá àgbàrá lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ń lọ sọ́jà ra pọ́ǹpù, kó kọ iye lítà omi rẹ̀ àti gíga òkúta tí omi rẹ̀ yóò gùn sínú ìwé dání. Bí ẹni tó ń tà á kò bá béèrè nọ́ńbà méjèèjì yìí, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ wọ́n fún un.